Bí A Ṣe Ń Wọn Gáàsì àti Ìbí Ìràwọ̀ Nínú Gálásì Onírìísí Lẹ́ńsì

Tí ẹ bá wá NGC 4526, gálásì onírìísí lẹ́ńsì kan, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán kan ló máa kọ́kọ́ yọ sí yín: ìmọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ kan tó ń tàn yòò, òrùka eruku dúdú tó yí àárín rẹ̀ po, àti ìràwọ̀ kan tó dá dúró bíi fìtílà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ìràwọ̀ tó bú gbàmù lọ́dún 1994 nìyẹn, SN 1994D lorúkọ rẹ̀, awò awọ̀nàjíjìn Hubble ló sì yà á. Torí ìràwọ̀ yẹn ni àwòrán náà ṣe gbajúmọ̀. Òrùka eruku yẹn lèmi máa ń wò ní tèmi. Ibi tí eruku bá pọ̀ sí, gáàsì tútù sábà máa ń wà níbẹ̀, inú gáàsì tútù sì ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀.

Gálásì ni ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ tí òòfà ara wọn so pọ̀, irú èyí tí oòrùn tiwa náà wà nínú rẹ̀. Èyí onírìísí lẹ́ńsì, tí wọ́n ń pè ní S0, rí bí àwo pẹrẹsẹ méjì tí wọ́n dojú wọn kọra: àárín rẹ̀ wú, etí rẹ̀ tẹ́, kò sì ní apá tó ń lọ́ bíi ti gálásì tiwa. Edwin Hubble ló fi S0 kún ìpín rẹ̀ lọ́dún 1936. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń sọ pé irú gálásì yìí ti gbẹ, pé àgbà ìràwọ̀ nìkan ló ṣẹ́kù síbẹ̀. Ìwádìí ATLAS3D wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Wọ́n fi awò IRAM tó fẹ̀ tó mítà 30, tó wà lórí òkè Pico Veleta ní Sípéènì, wo gálásì 259 tó jẹ́ S0 tàbí onírìísí ẹyin. Lọ́dún 2011 wọ́n kéde pé àwọn rí gáàsì mólékù, ìyẹn gáàsì tútù, nínú 56 lára wọn, ìyẹn nǹkan bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ wọn gáàsì yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, Python (èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà) tó ní àkójọ irinṣẹ́ astropy àti spectral-cube, íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé àti bírò ti tó. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìsọfúnni tí a máa lò, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa rí gbà kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tó wà ní Jámánì máa rí. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀tọ̀ ni kí gáàsì wà nílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó di ìràwọ̀. Nínú S0, ìmọ́lẹ̀ àwọn àgbà ìràwọ̀ lè jọ tàwọn ọmọ tuntun gan-an, òun ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ bí gálásì náà ṣe jìnnà tó

Ẹ lọ sí ìkànnì NED, níbi tí wọ́n kó ìsọfúnni nípa gálásì jọ sí, kí ẹ tẹ NGC 4526 síbẹ̀. Ẹ máa rí irú gálásì tó jẹ́, ibi tó wà lójú ọ̀run, àti eré tó fi ń sá kúrò lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí 617 km/s.

Ẹ dúró níbí yìí kí ẹ tó kọjá. Ohun tó máa wá sọ́kàn ẹni tó ti ka ìwé díẹ̀ ni pé kó pín 617 sí ọ̀nà 70, tó jẹ́ iye tí wọ́n fi ń ṣírò bí ojú ọ̀run ṣe ń gbòòrò, á sì rí 8.8 Mpc (Mpc kan jẹ́ parsec mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 3.26). Kò rí bẹ́ẹ̀. NGC 4526 wà nínú agbo gálásì Virgo, òòfà agbo náà sì ń fà á síbí, ó ń fà á sọ́hùn-ún, débi pé eré tó ń sá kò lè sọ bó ṣe jìnnà tó. Èyí tí wọ́n fi ọ̀nà míì wọ̀n, láìwo eré rárá, jẹ́ 16.4 Mpc, ìyẹn nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 53. Nínú ìṣirò ìwúwo gáàsì, jíjìnnà ni a máa sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Tí ẹ bá lo 8.8 dípò 16.4, gáàsì tí ẹ máa rí á fi ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ kéré sí bó ṣe yẹ. Kò sí àṣìṣe kankan nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tó tóbi tó ìyẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ló sì máa ń wọlé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo eruku kí ẹ tó wá gáàsì

ESASky, ìkànnì àwòrán ojú ọ̀run, máa fi àwòrán Hubble hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi ojú ìwọ̀n wọn gígùn òrùka eruku náà àti fífẹ̀ rẹ̀. Tí gígùn bá jẹ́ ìlọ́po márùn-ún fífẹ̀, fífẹ̀ pín sí gígùn jẹ́ 0.2, igun tí cos rẹ̀ jẹ́ 0.2 sì jẹ́ nǹkan bí 78 digirí. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ òrùka náà la fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wò. Ẹ kọ igun yìí sílẹ̀, a máa nílò rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ìdí tó fi jẹ́ CO la ń wá

Mólékù háídrójìn ló pọ̀ jù nínú gáàsì tútù, àmọ́ ó dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba délẹ̀, nítorí náà kò ní ìgbì rédíò kankan tó máa fi ránṣẹ́ tó bá ń yípo nínú òtútù, òtútù ibẹ̀ sì le: Kelvin 10 sí 20, ìyẹn nǹkan bí 260 °C sísàlẹ̀ òdo. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ni kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì, CO. Gáàsì yìí kan náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, tó ń pa àwọn tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Tí mólékù háídrójìn bá tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nínú ìkùukùu, CO á tó nǹkan bí ẹyọ kan láàárín wọn. Ẹyọ kan yẹn tó. Bó bá ti ń yípo tí eré rẹ̀ wálẹ̀ ní ìpele kan, ó máa ń rán ìgbì rédíò jáde ní 115.271 GHz gééré, tó gùn tó mìlímítà 2.6. Robert Wilson, Keith Jefferts àti Arno Penzias ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti ojú ọ̀run, nínú Orion, lọ́dún 1970.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gba fáìlì

Ibi méjì ni mo máa ń lọ. Èkíní ni ìkànnì ATLAS3D, níbi tí wọ́n kó àwọn ìlà CO (àtẹ tó ń fi agbára ìgbì CO hàn ní eré kọ̀ọ̀kan) tí wọ́n fi IRAM gbà sí. Èkejì ni ilé ìpamọ́ ALMA. ALMA ní ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ 66, wọ́n tò wọ́n sórí ilẹ̀ gbígbẹ Chajnantor ní Ṣílè, ní nǹkan bí mítà 5,000 sókè. Ẹni tó bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wo nǹkan fún òun ló máa ń dá lo ohun tí wọ́n rí fún ọdún kan, lẹ́yìn ìyẹn ó di ti gbogbo ayé.

Ẹ tẹ orúkọ gálásì náà. Band 3 ni kí ẹ yàn fún ìlà 115 GHz, Band 6 fún ìlà kejì CO tó wà ní 230.538 GHz. Ẹ ṣọ́ra fún dátà yín o! Fáìlì tútù tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn lè ju ọgọ́rùn-ún GB lọ. Èyí tí wọ́n ti ṣe yọrí, tí orúkọ rẹ̀ parí sí .fits, ni kí ẹ mú, ẹ kàn máa nílò èyí tó ní àwòrán onípele, tí ipele kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ eré kan. Mo máa ń fi dátà òru gbà á.

Àwọn irinṣẹ́ méjèèjì ní ibi tí wọ́n kù sí. Ojú IRAM ní 115 GHz fẹ̀ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá igun 22 (3,600 irú rẹ̀ ló wà nínú digirí kan), tó jẹ́ nǹkan bí parsec 1,750 ní ibi tí NGC 4526 wà. Gáàsì tó bá yọ ju ìyẹn lọ, IRAM ò ní kà á. ALMA ní tiẹ̀ ń rí ohun kéékèèké kedere, àmọ́ gáàsì tó bá tàn kálẹ̀ lè sá mọ́ ọn lójú. Tí ẹ bá ní méjèèjì, ẹ fi wọ́n wéra, kí ẹ sì béèrè ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ kí ẹ tó gba ọ̀kan gbọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka ìlà náà

Ibí ni iṣẹ́ ti dùn jù. Ẹ ya ìlà CO: eré nísàlẹ̀, agbára ìgbì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú òrùka tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí wa, ìlà náà máa ń ní ìwo méjì. Ìwo kan ni ẹ̀gbẹ́ tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, èkejì ni ẹ̀gbẹ́ tó ń sá lọ, àfonífojì tó wà láàárín wọn sì ni gáàsì tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Nítorí pé àárín S0 wúwo, gáàsì ibẹ̀ ń sáré burúkú, ìwo kan sí èkejì lè ju 500 km/s lọ.

Fífẹ̀ yẹn ló kó mi síṣòro nígbà àkọ́kọ́. Mo rò pé ìlà gálásì kan ò lè ju 300 km/s lọ, mo wá mú ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo yọ ilẹ̀ náà kúrò, mo sì yọ ìwo gáàsì gidi mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá ìdí tí ìwúwo tèmi fi kéré sí tàwọn tó ti wọ̀n ọ́n ṣáájú. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ní fọwọ́ kan ìlà láìjẹ́ pé mo ti wo bí àwọn ìràwọ̀ gálásì náà ṣe ń sáré tó, kí n lè mọ ibi tó yẹ kí gáàsì parí sí. Ẹ pinnu ààlà eré yín ṣáájú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ohun tó wà láàárín rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá wo ìlà tán kó tó pinnu ààlà, ohun tó wù ú ló máa rí.

Ẹ tún wọn ariwo, ìyẹn ìgbì rúdurùdu tí kì í ṣe ti CO. Ká ní ariwo ipele kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.01 Jy (jansky, ìwọ̀n agbára ìgbì rédíò), ipele kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 20 km/s, ẹ sì ro ipele 30 pọ̀. Ẹ wá gbòǹgbò 30, tó jẹ́ 5.48, kí ẹ fi sọ 0.01 àti 20 di púpọ̀: 1.1 Jy km/s ni iyèméjì yín. Ohun tó bá tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn, 3.3, ni kí ẹ pè ní CO. Bí kò bá tó, ẹ má sọ pé kò sí gáàsì, ẹ sọ pé kò ju báyìí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sọ ọ́ di ìwúwo

Àgbékalẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò nìyí:

L = 3.25 × 10⁷ × S × D² ÷ (ν² × (1+z)³)

L ni agbára ìmọ́lẹ̀ CO gálásì náà, S ni àpapọ̀ ìlà yín ní Jy km/s, D ni jíjìnnà ní Mpc, ν ni ìwọ̀n GHz tí ìgbì náà ní nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, z sì ni eré gálásì pín sí eré ìmọ́lẹ̀. Fún NGC 4526, z jẹ́ 0.00206, ν sì bọ́ sí 115.034. Ká ní S jẹ́ 100, kí ìṣirò lè rọrùn. L máa jẹ́ nǹkan bíi 6.6 × 10⁷. Ẹ fi 4.3 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ní ìlọ́po mílíọ̀nù 280 ìwúwo oòrùn.

4.3 yìí ti ka hílíọ̀mù mọ́ ọn. Tí háídrójìn nìkan bá ni ẹ ń wá, 3.2 ni, ẹ sì máa rí mílíọ̀nù 210. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ni kì í tètè sọ èwo làwọn lò, ẹ wá a kí ẹ tó fi iye tiyín wé tiwọn. Iye tí ATLAS3D rí fún háídrójìn NGC 4526 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 oòrùn. Ní ti gálásì tí CO rẹ̀ ò yọ, tó bá jìnnà tó èyí, 3.3 Jy km/s tẹ́lẹ̀ yẹn máa fún yín ní mílíọ̀nù 9.3, ìyẹn ni kí ẹ kọ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú gálásì tiwa ni wọ́n ti rí 4.3, ó sì lè fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀. Ní àárín ọ̀pọ̀ gálásì, iye rẹ̀ máa ń kéré sí ìyẹn. Àárín gan-an sì ni gáàsì S0 sábà máa ń kó jọ sí, nítorí náà ẹ má fi iye yín yangàn ju bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wọn ìbí ìràwọ̀, kí ẹ má fi ti àgbà pe ti ọmọ

Nínú gálásì tó ní apá, iṣẹ́ yìí rọrùn: ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ pupa háídrójìn tó gbóná, Hα, ní 656.3 nm, ẹ fi 5.4 × 10⁻⁴² sọ agbára rẹ̀ ní erg ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, ẹ ti mọ iye oòrùn tí wọ́n ń bí lọ́dún kan. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú S0, iye tí kò sí ni ẹ máa rí. Àwọn àgbà ìràwọ̀ tó ti bọ́ aṣọ ara wọn sílẹ̀, tí inú gbígbóná wọn wà níta, máa ń mú kí háídrójìn tàn bákan náà. Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet náà ò ṣeé gbára lé láìwádìí, torí irú àgbà ìràwọ̀ gbígbóná bẹ́ẹ̀ ń mú un jáde.

Fún Hα, àyẹ̀wò méjì ni kí ẹ ṣe. Ẹ fi ìlà náítrójìn ní 658.3 nm wé Hα, kí ẹ fi ìlà ọ́síjìn ní 500.7 nm wé Hβ, tó jẹ́ ìlà háídrójìn míì, kí ẹ wo apá ibi tí wọ́n bọ́ sí lórí àtẹ tí Baldwin, Phillips àti Terlevich gbé kalẹ̀ lọ́dún 1981, tó ń ya ìmọ́lẹ̀ tí ìràwọ̀ tuntun fà sọ́tọ̀ kúrò lára tàwọn nǹkan míì. Lẹ́yìn náà ẹ wo bí Hα ṣe ga tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ abẹ́ rẹ̀. Tí fífẹ̀ rẹ̀ tó dọ́gba (equivalent width, ìwọ̀n gíga yẹn) kò bá tó 3 Å, ìyẹn 0.3 nm, àgbà ìràwọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù ni ti eruku gbígbóná. Awò WISE wo gbogbo ojú ọ̀run lọ́dún 2010, ìkan nínú ojú mẹ́rin tó ní ń rí ooru ní 22 µm. Ìràwọ̀ tuntun máa ń mú eruku gbóná débẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ìràwọ̀ tó ń tu eruku jáde náà ní ooru tirẹ̀. Ẹ ronú nípa ẹni tó fẹ́ mọ bí iná ìdáná ṣe ń mú yàrá gbóná tó: ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn yàrá náà nígbà tí kò tíì dáná. Ohun tí a máa ṣe nìyẹn. Ẹ kó àwọn gálásì ATLAS3D tí CO wọn ò yọ rárá jọ. Ẹ ya ooru 22 µm wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìmọ́lẹ̀ wọn ní 2.2 µm láti 2MASS (ìwádìí míì tó ya àwòrán gbogbo ojú ọ̀run), tó ń sọ bí àgbà ìràwọ̀ wọn ṣe pọ̀ tó, sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n máa tò sórí ìlà tààrà kan. Ìlà yẹn ni yàrá tí kò níná. Ẹ wá gbé gálásì tiyín sí i: ohun tó bá fi ga ju ìlà náà lọ ni ti àwọn ìràwọ̀ tuntun, òun nìkan ni kí ẹ sọ di iye ìbí ìràwọ̀.

Mo rọ̀ yín kí ẹ má fo apá yìí nítorí pé ó gba àkókò. Gálásì tó ní gáàsì díẹ̀ lè pàdánù ìdajì ìbí ìràwọ̀ rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyọkúrò yìí, ìtàn rẹ̀ á sì yí padà pátápátá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ fi méjèèjì wéra

Ẹ pín gáàsì sí iye ìbí ìràwọ̀ ọdún kan. Ká ní gáàsì jẹ́ mílíọ̀nù 280 oòrùn, tí wọ́n sì ń bí 0.05 oòrùn lọ́dún. Ọdún bílíọ̀nù 5.6 ni gáàsì náà máa fi pẹ́ kó tó tán. Nínú gálásì tó ní apá, nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 2 ló máa ń gbà. Àwọn ATLAS3D náà rí irú èyí ní 2014: gáàsì inú irú gálásì yìí ń bí ìràwọ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú 2.5 ohun tí à bá retí.

Kí ló dé? Ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù ni ìfàya. Nítorí bí àárín S0 ṣe wúwo tó, gáàsì tó sún mọ́ àárín ń yípo yára gan-an ju èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, ìkùukùu tó yẹ kó ṣù pọ̀ á máa fà bí ọbẹ̀ ewédú. Síbẹ̀ ìkùukùu wà níbẹ̀ o. Lọ́dún 2015 wọ́n ka ìkùukùu 103 nínú NGC 4526, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí wọn lẹ́yọ lẹ́yọ nínú irú gálásì yìí. Ní NGC 1266, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀: ihò dúdú àárín rẹ̀ ló dà bíi pé ó ń fẹ́ gáàsì jáde, kò sì jẹ́ kí èyí tó kù fara balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ béèrè ibi tí gáàsì ti wá

Ẹ ya eré gáàsì láti inú àwòrán onípele yín, apá kan á pupa, apá kejì á búlúù. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ eré àwọn ìràwọ̀. Tí ìtọ́sọ́nà yíyípo wọn bá fi ju 30 digirí lọ yàtọ̀ síra, ẹ̀yìn odi ni gáàsì náà ti wá, bóyá gálásì kékeré kan ni gálásì yín gbé mì. Ó kéré tán, 36 nínú ọgọ́rùn-ún gálásì ATLAS3D tó ń yípo kíákíá, tó sì ní gáàsì, ló rí bẹ́ẹ̀. Nínú agbo Virgo, gáàsì àti ìràwọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yípo pọ̀ ní gbogbo ìgbà, ti NGC 4526 náà sì rí bẹ́ẹ̀. Yíyípo tó mọ́ yẹn, pẹ̀lú igun tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì, ni wọ́n fi wọn ihò dúdú àárín rẹ̀ lọ́dún 2013: ìlọ́po mílíọ̀nù 450 oòrùn.

Tí ẹ bá ti ṣe NGC 4526 tán, ẹ mú NGC 4710, tí gáàsì pọ̀ nínú rẹ̀, tí a sì ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ẹ mú NGC 3115, tí gáàsì tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀. Ẹ ṣe ìyọkúrò 22 µm fún àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú ìlà kan náà, kí ẹ sì kọ jíjìnnà, ààlà eré, àti 4.3 tàbí 3.2 tí ẹ lò sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan.